Fèrè Inú Àyà Mi

Bí ẹ bá bi mí pé ohùn wo ni mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé, n kò ní sọ pé ohùn ìyá mi ni, n kò sì ní sọ pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkirè sún mọ́ ilé débi pé àwọn adìẹ wa pàápàá mọ àkókò ìsìn. Ohùn tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni èyí tó ń ti inú àyà èmi fúnra mi jáde. Ó máa ń dún fíì, fíì, tín-ín-rín báyìí, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fọn fèrè tí ihò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ariwo kò wọ́n nínú agbo ilé wa o. Ọlọ ata ìyá mi ń ké láti àárọ̀, àwọn ewúrẹ́ ń jà lórí èèpo iṣu, àwa ọmọdé sì ń fi ẹsẹ̀ wọ́ kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní kí ó lè gbẹ kárí, ṣàà, ṣàà, láti ìdí ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí fèrè inú àyà mi bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé ló máa ń dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Mo ti di arúgbó báyìí, etí mi kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ń mí lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní yàrá kejì, màá gbọ́ ọ kí àwọn tí etí wọn pé tó gbọ́.

Ikọ́ fée ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ mi ń pè é ní ásímà lónìí, wọ́n sì ń pè é wẹ́rẹ́ bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì wọn. Ẹni tí kò ṣe é rí máa ń rò pé èémí ni kì í wọlé. Rárá o. Ó ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Jíjáde ni kì í fẹ́ jáde. Á kún inú àyà rẹ bámúbámú, èjìká rẹ á gbé sókè mọ́ ọ létí, o kò ní lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, o kò sì ní lè sunkún, nítorí pé ẹkún pàápàá ń fẹ́ èémí. Mo kórìíra rẹ̀. Mo ṣì kórìíra rẹ̀ dòní. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sọ fún mi pé àìsàn náà á ti kọ́ mi ní sùúrù, mo sì máa ń wò wọ́n lójú. Kò kọ́ mi ní sùúrù kankan, ọkọ mi tó ti lọ ì bá sì jẹ́rìí sí i tayọ̀tayọ̀.

Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, ó sì jẹ́ àgbẹ̀ olókòkó ní ọjọ́ mẹ́fà tó kù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá nídìí. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló máa ń sọ tirẹ̀ mọ́ tara rẹ̀. Lójú Ìyá Àgbà, ọ̀tá kan ṣoṣo ni àyà ọmọdé ní, òtútù sì ni ọ̀tá náà. Bí mo bá ti wú ikọ́ báyìí, yóò ní òjò àná ni, tàbí ìrì àárọ̀, tàbí omi tútù tí ìyá mi fi wẹ̀ fún mi, yóò sì máa wá ibi tó móoru tí wọn yóò gbé mi sí. Yàrá tó móoru jù nílé wa ni yàrá kòkó. Kò ní fèrèsé rárá, nítorí olè. Nígbà ìkórè, àpò ìdọ̀họ tó kún fún kòkó gbígbẹ á to ara wọn jọ níbẹ̀ dé abẹ́ àjà, ooru wọn á sì kún inú yàrá náà bí ẹni pé èèyàn púpọ̀ ló ń sùn síbẹ̀. Àárín ooru yìí ni wọ́n tẹ́ ibùsùn sí fún mi. Àpò méjì kan wà ní igun tí àwọn tó ń yẹ kòkó wò ti dá padà fún bàbá mi nítorí pé kòkó inú wọn ti bu, kò sì lè mú ara rẹ̀ dà wọ́n nù. Lórí àpò méjèèjì yìí ni wọ́n tẹ́ ẹní mi sí, tí Ìyá Àgbà sì mú aṣọ òfì rẹ̀ tẹ́ lé e. Àwọn àbúrò mi ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n ń jowú mi, ẹnu mi sì ń yá sí wọn nígbà tí mo bá lè sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ ibùsùn náà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ohun tí mò ń kọ yìí fi sọ́kàn, kó má baà bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí wọn kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ọwọ́ mi kan etí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba ọmọ sí ilé ìwé nígbà náà, nítorí pé àwọn tó kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀ kò pọ̀: wọ́n á ní kí o gbé apá ọ̀tún rẹ gba orí kọjá, bí ìka rẹ bá kan etí òsì, o ti tó ọmọ ilé ìwé. Oṣù mélòó kan ni mo fi ń gbé apá gba orí lẹ́yìnkùlé, tí mò ń fa etí náà bọ̀ wá sókè kó lè bá ìka mi pàdé. Nígbà tó kàn án tán, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ tíṣà, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí ó fi le gbagidi. Mo gbé apá. Ìka mi kan etí. Tíṣà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló gbọ́ fèrè, nítorí a ti rìn kánkán.

"Ọwọ́ rẹ̀ kàn án, sà," ó sọ fún bàbá mi. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún. Ọmọ tó pọ̀ ni yóò jókòó sínú yàrá kan pẹ̀lú rẹ̀, n ò sì mọ ohun tí màá ṣe bí ó bá dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àyà rẹ̀ dákẹ́ ná. Ẹ mú un padà wá bí a bá wọlé lẹ́yìn Kérésìmesì."

Mo dúró síbẹ̀, apá mi ṣì wà lórí, mo ṣì di etí mi mú, bí ẹni pé bí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, wọn ò ní gbà mọ́ pé ó kàn án rí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé ni kí àyà mi dákẹ́ kí Kérésìmesì tó kọjá.

Kò dákẹ́. Ìkórè dé, wọ́n kó kòkó tuntun wọ yàrá mi, àyà mi sì wá ń dí lemọ́lemọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti orókún, ètè mi ti di bí àwọ̀ aró, ni ìyá tó bí ìyá mi bá ti Àpòmù dé. Ìyá Àpòmù là ń pè é. Mùsùlùmí ni, opó ni, ó sì jẹ́ eléwé ọmọ, ìyẹn ni pé òun ló ń ta ewé àti egbò tí àwọn ìyá ọlọ́mọ fi ń ṣe àgbo. Òun àti Ìyá Àgbà kì í jà. Wọ́n kàn máa ń kí ara wọn pẹ́ púpọ̀ ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì máa fi ojú wá ohun tí èkejì kò ṣe dáadáa.

"Àna mi, ẹ jẹ́ kí n máa mú ọmọ yìí lọ," Ìyá Àpòmù wí. "Ẹ ti ṣe tiyín, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi náà."

"Ṣé ilé yín móoru?" Ìyá Àgbà bi í.

"Ilé mi ò móoru. Àmọ́ ìkòkò mi ń hó."

Bàbá mi ló bá wọn dá sí i. "Ẹ máa mú un lọ, mà," ó wí. "Bí àyà rẹ̀ bá ti dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún wa kí ilé ìwé tó wọlé." Ìyá mi wọlé lọ. Ó di ẹrù mi, ó tú u, ó tún un dì, ó wá fi dòdò mélòó kan sórí rẹ̀ nínú ewé, èyí tó dúdú, tó láta, tí mo fẹ́ràn, tí ìyá rẹ̀ sì gbà lọ́wọ́ mi jẹ kí a tó jáde nílùú, ó ní ata kò dára fún àyà.

Àpòmù kò jìnnà sí Ìkirè. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀kọ ní Ìkirè lè rìn dé Àpòmù kí ebi tó tún pa á. Ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ìyá mi, ohun tí mo sì fi ń wọn jíjìn rẹ̀ nìyẹn. Ilé Ìyá Àpòmù jẹ́ yàrá kan ṣoṣo tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ká, fèrèsé rẹ̀ méjì kọjú síra wọn, kò sì fẹ́ràn kí nǹkan kún inú ilé: ẹní méjì, ìkòkò, àpótí kan, bùtà àlùwàlá, ó tán. Ó máa ń jí kí súbúì rẹ̀ tó tó. Bó bá kírun tán, yóò pè mí: "Àríkẹ́, dìde, wá gba ìpín tìrẹ." Atalẹ̀ tí ó tẹ̀ ni, tí ó sè, tí ó fi oyin sí. Èyí dára. Èyí tó tẹ̀ lé e kò dára: ewé kékeré kan tí ń fà nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí oje funfun ń jáde lára rẹ̀ bí a bá já a. Yóò gbé ife náà sókè, yóò ní "Bìsímíláì," èmi náà á ní "Bìsímíláì" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ akọ̀wé ìjọ ni mí, nítorí pé bí n kò bá sọ ọ́, yóò mú ife náà padà, yóò tún fi kún un. Lẹ́yìn èyí ni màá jẹ orógbó títí ojú mi yóò fi fún pọ̀. Bí imú mi bá dí, yóò da aṣọ bò mí lórí ìkòkò ewé ẹ̀fìnrìn gbígbóná, yóò sì jókòó tì mí kí n má baà sá. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń fi òrí para ẹ̀yìn mi, yóò sì fi àtàǹpàkò tẹ àárín èjìká mi méjèèjì, ibì kan báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, títí ara mi yóò fi dẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìyẹ́ adìẹ. Ó fa ìyẹ́ kékeré kan lára adìẹ rẹ̀ funfun, ó fi í sí ìparí ẹní níhìn-ín, ó ní kí n fi ẹnu fẹ́ ẹ dé ìparí ẹní lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kó má fò. Bí ó bá fò, mo ti kánjú, màá tún un bẹ̀rẹ̀. "Sún ètè rẹ jọ," yóò wí. "Jẹ́ kó máa jáde tìn-ìn. Ta ló ń lé ọ?" Mo ṣe é títí ìyẹ́ náà fi ń rìn lórí ẹní bí arúgbó tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. N kò mọ̀ nígbà náà pé èémí mi ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde nílé láìjà. Bí a bá ṣe ìyẹn tán, yóò yí mi padà, yóò fi etí lé ẹ̀yìn mi, yóò sì dákẹ́. Bí fèrè bá ń dún, yóò ní, "Ó ṣì ń fọn ọ́n." Bí kò bá dún, yóò kàn gbá mi ní ìdí pẹ́lẹ́, kí n lọ jẹun.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé ní Ìbàdàn, tí òun náà jogún fèrè yìí lọ́dọ̀ mi, mú mi tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ará Ṣáínà kan. Mo lọ láti lọ fi í ṣẹ̀sín ni, kí n sọ òótọ́. Ọkùnrin náà fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bí irun gún un, ó wá da ife kéékèèké dé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fa ara mọ́ra bí ìwo onígbàjámọ̀ tó máa ń wá sí àdúgbò wa láyé àtijọ́. Mo ní, háà, ṣé Ṣáínà náà lèyí dé? Ó ní kó máa mu atalẹ̀ gbígbóná. Ó tẹ àárín èjìká rẹ̀, ibì kan náà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, ara mi sì dẹ̀ níbi tí mo jókòó sí bí ẹni pé èmi ló ń tẹ̀. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe fi oògùn tí ilé ìwòsàn fún un láti máa fà sí ẹnu sílẹ̀ o, mo sì bá a fọwọ́ sí i, nítorí pé mo mọ ọjọ́ tí atalẹ̀ kò tó. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Kí ló wà nínú yàrá tí o ń sùn sí?" Ẹ̀rín pa mí, omi sì lé sí mi lójú, ọmọ ọmọ mi rò pé nǹkan ń ṣe mí.

Ohun tó mú mi rẹ́rìn-ín ni pé ìbéèrè yẹn ni Ìyá Àpòmù kò bi mí fún odidi oṣù mẹ́rin. Kí ló fẹ́ bi mí fún? Ara mi ti ń le. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, fèrè ti dákẹ́. Mo ń sáré, mo ń pọnmi, mo ń kọrin. Àwọn èèyàn gbọ́ ọ dé Ìkirè, àwọn ìyá ọlọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìsọ̀ rẹ̀, yóò sì pè mí jáde, yóò ní kí n mí fún wọn. "Ẹ fi etí sí i," yóò wí, pẹ̀lú ìgbéraga tí kò bò rárá. "Ẹ gbọ́ nǹkan kan?" Wọn kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á sì ra àgbo. Inú mi dùn láti jẹ́ àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá wá wò mí ní ọjọ́ ọjà, tí ó sì béèrè ìgbà tí èmi yóò máa bọ̀ nílé, Ìyá Àpòmù yóò ní àgbo náà kò tíì wọ egungun. Kérésìmesì ti ń sún mọ́lé, àgbo kò tíì wọ egungun. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń mú mi bínú. Bí ó bá ń fọ abọ́, méjì ló máa ń fọ̀, ó máa ń wo ìkejì pẹ́ kó tó dà á dé. Nísinsìnyí tí èmi náà ń dá gbé, mo mọ ohun tó ń wò.

Àkànbí, àbúrò ìyá mi, ló tú gbogbo rẹ̀ síta, láìmọ̀. Ọ̀nà Ararọ̀mí-Òwu ni oko rẹ̀ wà. Ní ọ̀sán kan, òjò àìròtẹ́lẹ̀ ká òun àti kòkó rẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà, ó sì sáré kó àpò mẹ́rin wọ ilé ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ni màá wá kó o," ó wí. Wọ́n tò wọ́n ti ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, wọ́n sì ti fèrèsé méjèèjì pa nítorí ọ̀wààrà. Nígbà tí mo jí ní àárọ̀, fèrè ti dé.

Ìyá Àpòmù kò kọ́kọ́ mikàn. Ó fún mi ní atalẹ̀, Bìsímíláì. Ó fún mi ní oje ewé, Bìsímíláì. Ó gbé mi sórí ìkòkò, ó tẹ ẹ̀yìn mi, ó gbé ìyẹ́ kalẹ̀, ìyẹ́ náà kò sì kúrò níbi tó wà. Ó da ewé tuntun lé àgbo àtijọ́, ó tún sè é kó le, mo mu ún, kò ṣe nǹkan kan. Àárín èyí ni obìnrin kan ti Ìkirè dé láti ra àgbo. Ó wo èmi tí mo tẹ̀ síwájú tí mò ń fa èémí bí ẹni ń fa igi, ó ní, "Ìyá, ṣé ọmọ tí wọ́n ní ẹ wò sàn nìyí?"

"Òun ni," Ìyá Àpòmù dáhùn. Kò ta àgbo fún un lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sán, Àkànbí wá kó kòkó rẹ̀ lọ, wọ́n ṣí fèrèsé, atẹ́gùn wọlé. Kó tó di ìrun alásárì, mo ti lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀. Ìyá Àpòmù sì mú ọwọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ibi tí àpò jókòó sí. Eruku kan gbéra ńlẹ̀, ó rọra ń fò nínú ìtànṣán oòrùn, òun fúnra rẹ̀ sín lẹ́ẹ̀mẹta, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó gbé mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó tì mí, ọwọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àríkẹ́, yàrá wo lo ń sùn sí nílé bàbá rẹ?"

"Yàrá kòkó."

"Lórí kí ni?"

"Lórí àpò kòkó," mo wí, pẹ̀lú ìyangàn. "Ìyá Àgbà tẹ́ òfì sí i fún mi."

Kò sọ nǹkan kan mọ́, ní ọjọ́ náà àti ní ọjọ́ kejì. Ó ń sè, ó ń kírun, ó ń ta ewé. Mo rò pé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni. Àgbàlagbà ni mo dà kí n tó mọ ohun tó ń gbé yẹ̀ wò ní ọjọ́ méjì yẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Bí ó bá gbé e mì, àgbo rẹ̀ á ṣì jẹ́ àgbo tó wo ọmọ akọ̀wé sàn, èmi náà á ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwo méjì lórí ẹní. Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́jọ́, nítorí pé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń mí dáadáa. Bí ó bá sọ ọ́, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́, ó sì ti dá mi padà sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó di ẹrù mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tú u. A rìn lọ sí Ìkirè. Nígbà tí a dé, kò kí Ìyá Àgbà pẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ibi tí mo ń sùn sí. Bàbá mi, ìyá mi, Ìyá Àgbà, gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Ó ká aṣọ òfì, ó ká ẹní, ó tú ẹnu ọ̀kan nínú àpò méjèèjì, ó sì bu kòkó ibẹ̀ síta. Ó ti funfun, ó ti lẹ̀ mọ́ra, ìyẹ̀fun rẹ̀ ń bọ́ láàárín ìka rẹ̀.

"Àna mi, ẹ wo èyí."

"Kòkó ni," Ìyá Àgbà wí. "Kí ni mo tún fẹ́ wò lára kòkó?"

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀." Ìyá Àgbà gbóòórùn rẹ̀, ó sì fa imú sẹ́yìn. "Ohun tó ń dí ọmọ yìí láyà nìyẹn. Kì í ṣe òtútù. Àkànbí kó irú rẹ̀ wọlé mi, gbogbo àgbo tí mo mọ̀ kò lè dá a dúró. Nítorí náà, kì í ṣe àgbo mi ló wò ó sàn. Ó ń tù ú lára, n ò ní parọ́ mọ́ ewé mi, àmọ́ òun kọ́ ló wò ó. Ilé mi ni kò ní kòkó."

Ìyá Àgbà, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. "Ṣé èmi ni mo wá ń fi ọwọ́ ara mi fún ọmọ ọmọ mi lọ́rùn?" ó wí, ẹkún sì gbà á. N kò rí i kó sunkún rí. Mo ti rò pé Ìyá Àpòmù yóò yọ̀, nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn. Ó jókòó tì í sórí ilẹ̀ ibẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó fi wá sí òde.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ooru lẹ fi kẹ́ ẹ, èmi fi ìkòkò kẹ́ ẹ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń kó àgbo dà sí i lẹ́nu, n ò bi í léèrè ohun tó ń sùn lé. Àwa méjèèjì la jọ ṣì í."

Bàbá mi sún mọ́ àwọn àpò náà. Ó gbé àpò kìíní sí èjìká, ó lọ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó padà wá gbé ìkejì. Lẹ́yìn náà ló kó àga pálọ̀ kékeré tó kọjú sí títì, ibi tó ti ń gba àwọn àlejò ìjọ lálejò, ó tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tẹ́ ẹní mi sínú pálọ̀ náà, láàárín fèrèsé méjì. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni alága ìjọ ti ń jókòó bó bá wá kí wa, èmi ni mo sì ni pálọ̀ kékeré. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ wọ́ kòkó mọ́, èyí tó mú inú àwọn àbúrò mi bàjẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Fèrè kò lọ pátápátá. Bí ọyẹ́ bá dé, ó máa ń wá kí mi, èmi náà á sì gbé atalẹ̀ kaná, màá sún ètè jọ, màá fẹ́ ẹ jáde tìn-ìn, bí mo ṣe ń ṣe títí di òní, pẹ̀lú oògùn ilé ìwòsàn nínú àpamọ́wọ́ mi. Ọjà Ìyá Àpòmù náà kò bàjẹ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ìyá ọlọ́mọ tó bá wá sí ìsọ̀ rẹ̀ pé níbo ni ọmọ ń sùn, kí ni wọ́n ń kó síbẹ̀, ta ló ń dáná níbẹ̀, kó tó nawọ́ sí ewé. Àwọn kan ní ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ṣì ń wá.

Ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé lẹ́yìn Kérésìmesì, bàbá mi ló di ọwọ́ mi mú. A kò rìn kánkán. Nígbà tí a dé iwájú tíṣà, Ìyá Àpòmù ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa, ó jókòó sí ìdí igi pẹ̀lú eruku ojú ọ̀nà lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é. Tíṣà ní kí n gbé apá gba orí. Mo gbé e, ìka mi bo etí náà mọ́lẹ̀ báyìí, nítorí mo ti ga sí i. Ó dẹ etí, ó ń dúró de fèrè.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," Ìyá Àpòmù wí, ó sì dìde. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó mú un wọlé."

Ó yí mi padà níwájú gbogbo àwọn ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi etí lé ẹ̀yìn mi. Mo mí bó ṣe kọ́ mi, tìn-ìn, láìkánjú.

"Mà, kí lẹ gbọ́?" tíṣà béèrè.

"N ò gbọ́ nǹkan kan," ó dáhùn.

Ó ti sọ ọ́ tán, kò sì gbé etí rẹ̀ kúrò.